Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Dá Dúró

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́

Èmi ni mo ní kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé àwọn ọmọ àdúgbò wa méje lọ síléèwé ìjọba dúró. Òfin tuntun ìpínlẹ̀ ní bọ́ọ̀sì iléèwé nìkan ló gbọ́dọ̀ máa gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn òbí yòókù ní ká jẹ́ kí bọ́ọ̀sì dé ná. Mo ní n kò fẹ́ fòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la.

Bọ́ọ̀sì ò dé. Ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ náà fi rìn, wọ́n sì sọdá títì márosẹ̀ Nkpor.

Ṣadé ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín. "Màámi, a sáré ni. Tírélà kàn ń fun fèrè ṣáá."

Mo pe Emeka oníkẹ̀kẹ́ pé kó padà wá. "Madam, no be you say make I stop?" Ó ti rí èrò ọjà Main Market gbé.

Ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́la, màá di Ṣadé lọ́wọ́ mú sọdá. Àwọn mẹ́fà yòókù ńkọ́? Ọwọ́ méjì péré ni mo ní.