Koríko Àdùkẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ta ni kí n bínú sí? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun, ni mo bá jókòó láti kọ̀wé sí yín. Mo ti ka oríṣìíríṣìí ìwé lórí ibi tí òkú ń lọ, ẹnu wọn ò kò, n ò sì mọ̀ bóyá ẹ ó gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ koríko?

Alifáfà yín hù, Bàbá, koríko òyìnbó tẹ́ ẹ ní ó ń mú kí wàrà màlúù pọ̀. Ẹ rántí àkọ́kọ́ tá a gbìn sẹ́yìnkùlé, tí òjò Agége gbá irúgbìn rẹ̀ lọ sójú gọ́tà. Èkejì yọ, ó pọ́n, ó kú. Ẹ ní ilẹ̀ yìí ló kan bí omi ògì, pé eérú ló ń wò ó, lẹ bá ń ru eérú láti ìdí ààrò àwọn oníbúrẹ́dì wá dà sí i, tí irùngbọ̀n yín á funfun ju ti àlùfáà lọ. Nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn ni mo gbin ìyókù tẹ́ ẹ kó bọ̀ láti oko màlúù tí wọ́n ti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo pò ó mọ́ iyanrìn, mo fọ́n ọn, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá ilẹ̀ lé e fẹ́ẹ́rẹ́. N ò rì í mọ́lẹ̀ bí àgbàdo. Lẹ́yìn tá a sin yín ló yọ, ewé mẹ́ta mẹ́ta, wẹ́wẹ́. Ẹ ti ní kí n má retí nǹkan púpọ̀ lókè lọ́dún àkọ́kọ́, pé gbòǹgbò ló ń wá ọ̀nà.

Torí Àdùkẹ́ ni, màlúù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Látìgbà tí àwọn ológun ti ní kí àlìkámà má wọlé láti òkè òkun mọ́, èèrí rẹ̀ tí à ń rà fún un n'Ìkẹjà ti kọjá agbára wa. Egungun ìhà rẹ̀ ti ń hàn. Bí alifáfà bá dúró, Àdùkẹ́ á dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alápatà ló kù.

Sátidé ìmọ́tótó dé. Mo jókòó ti Màámi nínú yàrá, torí wọ́n ń ṣe opó. Ìyá Ráfíù, ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wa, yọjú lójú fèrèsé:

“Ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́! Ilé ọ̀fọ̀ kì í mú ọkọ́. Àbí kí wolé-wolé wá fìtínà yín ni?”

Mo dúpẹ́. Mo rò pé iwájú ilé ni òun àtàwọn ayálégbé yòókù fẹ́ gbá.

Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ro ó, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti dáná sun ún. Bàbá Mùtíù télọ̀ ń nu òógùn:

“Akọ̀wé! Ẹ̀ ń kàwé, igbó ń hù mọ́ yín lẹ́yìn! Ó kù díẹ̀ kí ejò máa kí yín ẹ káàárọ̀.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fi Alijánnà kẹ́ yín, mo ṣe àmín. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ni ǹ bá sọ? Torí yín ni wọ́n ṣe forí ṣe fọrùn ṣe.

Mo walẹ̀ bóyá gbòǹgbò kù. Èyí tí mo rí ò ju òwú lọ, ó sì ti jóná. Irúgbìn sì ti tán. Ṣé ẹ ní òmíràn níbì kan tí n ò mọ̀?

Màámi ti ránṣẹ́ sí alápatà. Mo ń gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Èmi ni màá fa okùn Àdùkẹ́, torí kì í tẹ̀lé àlejò. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí apá rẹ̀ ò ká a.