Páálí Ìpara Márùn-ún Tí Ọmọ́lẹ́wà Fi Ránṣẹ́ Sílé

Òkè-Àfọ̀n, lẹ́bàá Ìkìrun,
Ọjọ́ kejì ọjà, 1975.

Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó Èkó, mo kí ọ kú ariwo ọjà Bọ́ládé tí o ní kì í jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín. Ṣé dáadáa ni gbogbo ará ilé rẹ ní Okota wà? Ọlọ́run tó mú ọ wọ Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì, ìpara tí ò ń pò yóò sì bá ara gbogbo ẹni tó bá fi para mu. Bàbá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tíì lè gun ọ̀pẹ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí ìjọ ń kọ́ àwa àgbà ti so èso, nítorí náà bí o bá rí ọ̀rọ̀ tó ṣubú kúrò lórí ìlà, bá mi gbé e dìde.

Ọ̀rọ̀ àwọn páálí tí o fi rán Rájí awakọ̀ sí wa ni mo fẹ́ sọ, jókòó kí o tó kà á. Wọ́n ní o wà ní Ìlọrin níbi tí o ti lọ ra òrí nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí o gbọ́.

Rájí gbé páálí márùn-ún náà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní o ní kí n wò wọ́n dáadáa kí n sì mú ọ̀kan tó bá wù mí. Èmi àti bàbá rẹ gbàdúrà fún ọ títí. A rò pé ẹ̀bùn ni, pé kí n mú ọ̀kan kí n sì pín ìyókù fún àwọn ẹbí. Nígbà tí a ṣí èkínní, òfìfo ni. A ṣí èkejì, òfìfo. Bàbá rẹ gbọn ẹ̀kẹta sétí, wọ́n ní bóyá ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fúyẹ́. Gbogbo wọn ló ṣófo bí ikùn aláàwẹ̀.

Mo wá wo ara wọn, mo sì rí i pé ìyà ti jẹ wọ́n lọ́nà. Ọ̀kan ní ihò gbàgàdà níwájú tí wọ́n fi ọ̀rá mímọ́ gaara dí, mo ní eku ló jẹ ẹ́ tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ kí a má baà mọ̀, ni mo bá gé ìwé kàlẹ́ńdà, mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ dáadáa. Òmíràn, orúkọ rẹ tó wà lára rẹ̀ ti wú sókè, bí èèyàn bá fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa èéwo ni. Bàbá rẹ ní òjò ló wọ̀ ọ́, wọ́n dáná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, wọ́n sì lọ̀ ọ́. Orúkọ náà rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n páálí náà jóná létí. Jọ̀wọ́ má bínú sí wọn.

Bàbá rẹ wá lọ sí pósítọ́fíìsì ní Ìkìrun láti fi tẹlifóònù bá ọ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ ilé rẹ. Ọkùnrin kan ló gbé e. O mọ̀ pé bàbá rẹ kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣí fìlà fún ẹ̀rọ náà, wọ́n kí ọkùnrin náà, wọ́n kí ìyàwó rẹ̀, wọ́n kí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n kí onílé, ibi tí wọ́n ti ń kí ará àdúgbò ni nǹkan náà ti dákẹ́. Akọ̀wé ibẹ̀ ní owó tí wọ́n san ti tán. Bàbá rẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ohùn àwọn tó ti wọnú okùn dúró síbẹ̀, pé àwọn yóò padà wá parí rẹ̀.

Inú bíbí ni wọ́n bá dé. Wọn kò yà sílé, ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ní Rájí ti jí ẹrù ọmọ àwọn. Mo sáré tẹ̀lé wọn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fara balẹ̀, wọn kò gbọ́.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Rájí, gbogbo ìlú sì pé síbẹ̀. Rájí ní láti ìgbà tí mọ́tò ṣì ń tọ ọwọ́ òsì ni òun ti ń gbé ẹrù Òkè-Àfọ̀n, pé òun lòun gbé òkú ìyá Baálẹ̀ wálé láti ọsibítù Ìbàdàn, òun sì ni òun ń gbé owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ lọ nígbà tí o wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní ohun tí wọ́n gbé fún òun ni òun gbé wá, bó ṣe fúyẹ́ nígbà tí òun gbà á náà ló ṣe fúyẹ́ nígbà tí òun sọ̀ ọ́. Bàbá rẹ ní ta ni í ti Èkó fi òfìfo ránṣẹ́ sí òbí rẹ̀. Rájí wò yíká bóyá ẹnì kan á ní òun mọ̀ ọ́n sí olóòótọ́, a kàn ń wo ilẹ̀. Ó bọ́ sínú bọ̀lẹ̀kájà rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà pé, àwa obìnrin dúró sẹ́bàá títì tàwa ti apẹ̀rẹ̀ tòmátò. Rájí kọjá lára wa lófìfo, iwájú ló ń wò. Orí ni a fi ru ẹrù dé Ìkìrun, tèmi sì ti di ọbẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ tí a jọ máa ń pọn omi, mo kí i lódò, omi ló ń wò.

A kò mọ̀ pé Èkó ni Rájí forí lé. Ó dé Okota, kò bá ọ, ló bá béèrè ibi tí wọ́n ti ṣe páálí náà ní Ìsọlọ̀ títí ó fi rí Mísbáù tó ń gé páálí níbẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ nǹkan kan ju kí ó wá sọ ohun tó bá mọ̀. Mísbáù tẹ̀lé e. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú ọkọ̀ náà láti Òṣòdì títí dé ìta Baálẹ̀.

Mísbáù ní ọwọ́ òun ni òun fi gé gbogbo wọn, kò sì sí ohunkóhun nínú wọn rí. Ó ní owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù pọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọ́fíìsì báyìí, o fẹ́ ṣe páálí ìpara rẹ lọ́pọ̀, o wá ní ìyá rẹ tó kọ́ ọ bí a ṣe ń po òrí mọ́ àdí ni yóò yan èyí tí wọn yóò ṣe. Baálẹ̀ bi í pé irú kí ni ìyẹn, kí èèyàn gbé ìkòkò ránṣẹ́ láìbu ọbẹ̀ sí i. Mísbáù ní ìkòkò ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà l'Ékòó báyìí. Kò rẹ́rìn-ín tó fi sọ ọ́.

Bàbá rẹ dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọn kò pa òwe kankan. Wọ́n ní níwájú gbogbo èèyàn ni àwọn ti ba Rájí lórúkọ jẹ́, níwájú gbogbo èèyàn náà ni àwọn ti ń bẹ̀ ẹ́. Ni wọ́n bá dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn, fún ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Rájí sáré fà wọ́n dìde. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé ó ti tán.

Nígbà tí Mísbáù jẹun tán nílé wa, ó tẹ́ àwọn páálí náà sórí ẹní. Mo ti gbé èyí tí wọ́n fi wúrà kọ orúkọ rẹ sí lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà pé kí ó fi rọ yẹtí fún mi, onítọ̀hún sì ti ní gbogbo rẹ̀ kò tó ṣe òrùka fún eèrà. Mísbáù ní ìwé wúrà lásán ni, iná ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀rọ ló ti orúkọ rẹ tó wú sókè láti ẹ̀yìn, bàbá rẹ sì rọra fi ẹsẹ̀ ti áyọ́ọ̀nù sábẹ́ àga. Èyí tí àrán pupa wà nínú rẹ̀, bàbá rẹ ti ń tẹ́ jígí ojú wọn sí i, wọ́n ní jígí náà kò sùn dáadáa báyẹn rí; ìgbà tí Mísbáù ní páálí yẹn nìkan yóò wọ́n ju ìpara inú rẹ̀ lọ ni wọ́n tó yọ ọ́. Ọ̀kan kò dán rárá, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí etí ọmọ ewúrẹ́, mo rò pé wọn kò tíì ṣe é tán ni. Ó ní bí àwọn obìnrin ńlá ṣe ń fẹ́ ẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo fi àtàǹpàkò tó ní epo kàn án, ojú ìka mi sì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó wá bó kàlẹ́ńdà tí mo lẹ̀ mọ́ èyí tó nihò, ó ní fèrèsé ni wọ́n ń pè é, wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé e kí ẹni tó ń rà á lè rí ìgò ìpara nínú rẹ̀ ni.

Rájí dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Mo ní kí ó bá mi yan ọ̀kan. Ó kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Nígbà tó yá, ó ní bó bá jẹ́ òun ni yóò máa gbé e lójú títì, èyí tí a lè rí inú rẹ̀ láìṣí i ni òun fẹ́ máa gbé. Ọmọ́lẹ́wà, èyí onífèrèsé ni mo yàn. Bí o bá fẹ́ fi wúrà kọ orúkọ rẹ sí i, kọ ọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí fèrèsé rẹ̀ tóbi.

Jọ̀wọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, páànù ilé ìdáná ti ń jò sórí ààrò, mo sì fẹ́ ra aṣọ kan fún Sẹ̀kínátù. Fi ìpara kún un fún un, kí ó wà nínú ìgò, kí ìgò náà kún dé ẹnu.

Rájí ti gbà láti gbé ìwé yìí wá fún ọ. Ó ní kí n kọ́kọ́ kà á sí òun létí, mo kà á láti orí dé ìdí. Nígbà tí mo pọ́n àpò ìwé lá láti dì í, ó ní kí n má ṣe dì í. Bí ó bá dé ọwọ́ rẹ ní ṣíṣí, má bi í léèrè ẹni tó tú u.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o jẹ̀bi ẹrù tí o kò gbé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adébímpé Olúsànyà.