Fíìmù tí Mofẹ́ ní ká jọ wò

Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Gbénga,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Cheetham Hill níbí ní Manchester. Ẹ bá mi kí Bàbá àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti ń fúyẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún fi shift kún tèmi níbi iṣẹ́.

Ní Sátidé, Mofẹ́ ọmọ mi obìnrin ní ká jọ wo fíìmù kan láti Sweden. Ó dá lórí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ìfẹ́ ara wọn ń pa. Mofẹ́ ò wo fíìmù náà, ojú mi ló ń wò. Mo sá lọ sí kíṣìnì kó tó parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ orúkọ Mofẹ́ àti ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà lé lórí sínú ìwé prayer request ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé náà síta, mo dìde lójú gbogbo ìjọ, mo lọ mú tèmi kúrò níwájú rẹ̀. Mofẹ́ rí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí n dá Mofẹ́ padà sílé ní Nàìjíríà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Olúwa á dá yín sí fún wa. Tí ẹ bá ń gbàdúrà, orúkọ tèmi ni kí ẹ dá, kì í ṣe ti Mofẹ́. Mofẹ́ ní ká wá parí fíìmù náà lónìí. Mo ti ní kó tan tẹlifíṣọ̀n.

Àbúrò yín,
Yéwándé