Obìnrin Tó Ń Wẹ Egbò Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín tọkọtaya, mo kí àwọn ọmọ. Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí rèé: nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò Màmá kò fọwọ́, ìbọ̀wọ́ àná ló tún wọ̀, ó sì ní òun ń mú abẹ bọ̀ nírọ̀lẹ́ láti ha àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ti dúdú.

Mo bi í níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́?" Màmá dá sí i: "Ṣé aṣọ funfun kọ́ ló wọ̀ ni?"

Mo fura pé olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ aláìsàn-án wẹ̀ dáadáa, àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tún fi ọdún méjì kọ́ nípa egbò àtọ̀gbẹ nìkan. Tí lẹ́tà yìí bá ti wọ fóònù yín, ẹ pe Màmá. Tiyín ló máa gbọ́. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká pàdánù ẹsẹ̀ náà.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ rèé, mo ti dùbúlẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá kí obìnrin yẹn má baà mú abẹ wọlé.