Tábìlì Ẹni Méjì ní Ilé Oúnjẹ Àwọn Ará Íńdíà

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Bí o bá bèèrè èmi, mo wà, a dúpẹ́. Orúnkún ṣì ń dùn mí láàárọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lórúnkún ni orúnkún ń dùn. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí o wà, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ọ̀nà ilé kò ní dí mọ́ ọ. Àmín.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú ìyá rẹ. Mo ti gbá yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aṣọ rẹ̀ ṣì wà lára ìṣó. Télọ̀ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ní kí n kó wọn fún òun, òun yóò fi wọ́n rán nǹkan mìíràn. Mo ní kó máa bọ̀ lọ́la. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí tí mo ti ń dá ọ̀la fún un.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an nìyí. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fóònù ìyá rẹ dún, àtẹ̀jíṣẹ́ ló wọlé. Ojú mi kò ríran kà á, mo gbé e lọ bá télọ̀. Ó ní ilé oúnjẹ àwọn ará Íńdíà tó wà nínú ìlú ló ń kí ìyá rẹ kú ọjọ́ ìbí, pé kí ó máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ti tọ́jú tábìlì ẹni méjì dè é bíi ti èṣí. O rántí pé ìwọ lo fi owó ránṣẹ́ tí èmi àti òun fi lọ síbẹ̀ léṣìí, tí o ní iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá.

Mo rò ó títí. Àwọn ará Íńdíà kì í ṣe ìbátan wa, ta ni yóò sọ ọjọ́ ìbí ìyá rẹ fún wọn bí kò ṣe ìwọ? Mo ní ọmọ mi ló fẹ́ yọ sí mi lójijì, ó ń fi ọgbọ́n pè mí ni. Ẹni méjì, èmi àti ìwọ. Inú mi dùn débi pé mo fá irùngbọ̀n lọ́jọ́bọ̀ tí mo tún fá a lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gé pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi ìfági fá a títí ó fi dán, mo tì í bọ àpò. Léṣìí, tábìlì tí wọ́n fi wá sí ń mì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo fẹ́ tún un ṣe nígbà náà, ìyá rẹ ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé wọn kò pè mí wá síbi iṣẹ́. Odindi ọdún kan ni ẹsẹ̀ tábìlì yẹn fi wà lọ́kàn mi.

Tábìlì kan náà ni wọ́n tún fún mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ki pákó mi bọ abẹ́ rẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Mo wò yíká, n kò rí ẹni tí màá fi hàn.

Nínú ìwé oúnjẹ wọn, wọ́n ya ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ní ata kan, òmíràn ní mẹ́ta. Mo ní máàkì tí wọ́n gbà nìyẹn, bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ ilé ìwé. Èyí tí kò ní ata kankan ni ìyá rẹ mú léṣìí, ó sì ní ó dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò. Nítorí náà mo ní kí wọ́n gbé ata mẹ́ta wá fún èmi, ata mẹ́ta fún ìwọ, kí wọ́n dé tìrẹ kó má tutù.

Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí ni mò ń na ọrùn. Awakọ̀ kan wọlé, tọkọtaya kan wọlé, ìwọ kò wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kí n má purọ́, ọbẹ̀ kọ́rì náà kò dára. Ẹran rẹ̀ ń fẹ́ ayùn, ìrẹsì tutù láàárín, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn jóná lápá kan, apá kejì kò jiná. Ata náà sì mú mi gidigidi, omi ń dà lójú mi. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ kí mi pẹ̀lẹ́, ó bi mí bóyá mò ń sunkún ni. Mo ní ata ni. Ata ni lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tó pẹ́, ọ̀gá wọn wá jókòó sórí àga rẹ. Mo sọ fún un pé ọmọ mi tó ní kí wọ́n pè mí ló kù tí mò ń retí. Ó ní ọmọ kankan kò bá àwọn sọ̀rọ̀, pé ìyá rẹ ló kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù léṣìí, kọ̀ǹpútà ló sì ń kọ̀wé sí gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Mo ní ìyá rẹ ti kú. Ó bẹ̀ mí gan-an, ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ni, òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ mi, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi í síbẹ̀, ó sì gbà. Èmi kì í rántí ọjọ́ yẹn, ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń rán mi létí. Ìwọ náà kò pè lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ló rántí rẹ̀, mo sì ní kí ọ̀gá náà bá mi kí i dáadáa.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n tó lọ, pé ìràwọ̀ mélòó ni mo fún oúnjẹ àwọn. Mo ya márùn-ún, mo fara balẹ̀ yà wọ́n. Oúnjẹ náà kò tó méjì, ṣùgbọ́n wọn kò gba owó àwo tìrẹ.

Wàyí o, mo fẹ́ tọrọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Mo nílò awò ojú, òrùlé yàrá rẹ sì ń jò. Ṣùgbọ́n má fi í sí báńkì. Akọ̀wé wọn ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun kò rí ìka kankan. Ogójì ọdún ni pákó ti fi ń ha ìlà ọwọ́ mi, ó ti ha á tán. Ẹ̀rọ kò dá mi mọ̀ mọ́, nítorí náà fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá, ìwọ yóò dá mi mọ̀.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣe é. O kò ní rántí ọ̀nà ilé lọ́jọ́ tí kò ní sí ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn yóò tún pe ẹni méjì. Tábìlì náà kò mì mọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.