Ìdánwò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Ìtamágà, Ìkòròdú,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹjọ, 2003.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ odò, ẹ sì kú àdúrà lórí wa. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àlàáfíà ni mo wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Bàbá, mo ti ṣe ìdánwò èdè Òyìnbó tí iléèwé tó fẹ́ gbà mí lókè òkun ní kí n ṣe. Bí n ó ṣe ròyìn rẹ̀ tí yóò fi yé yín ni n kò mọ̀, torí kò tíì yé èmi gan-an.

Kò sí bébà, kò sí bírò. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi wá jókòó tì, èmi àti Olúṣèyí tí a jọ ń ṣe tíṣà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń yọ lẹ́ẹ̀kan. Béèyàn bá ti dáhùn ún, kò lè padà sí i mọ́. Àwọn àkọ́kọ́ rọrùn. Bí mo ṣe ń dáhùn ni wọ́n ń le sí i, títí mo fi ń rí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí. Mo yọjú wo Olúṣèyí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbà pé mo ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Nígbà tó parí, kọ̀ǹpútà bi mí bóyá kí òun gbé èsì jáde tàbí kí òun pa á rẹ́. Ojú yín ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní kó pa á rẹ́.

Olúṣèyí gba tirẹ̀, máàkì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní ìbéèrè òun rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà rú wa lójú, la bá lọ bá obìnrin tó ń mójú tó ibẹ̀. Ó ní ṣe ni kọ̀ǹpútà ń wọn kálukú: ẹni tó bá gbà á, yóò fún un ní èyí tó le sí i, ẹni tó bá ṣì í, yóò fún un ní èyí tó rọrùn. Ó wá wò mí, ó ní, "Àǹtí, torí pé ẹ̀ ń gbà á ló ṣe ń le."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi wá èsì mi. Ó ní èsì náà ti lọ.

Iléèwé náà ní àwọn yóò dúró dè mí di oṣù kọkànlá. N ó tún un ṣe, Bàbá, ṣùgbọ́n bó bá rọrùn, àyà mi á já. Bó bá le, àyà mi á já.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó máa mú yín lọ sódò, kó máa mú yín bọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúlúsúmù.

Àfikún: Bí wọ́n bá bi yín ní Ọjà Olúwo bóyá mo yege, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Kì í ṣe irọ́. Èmi náà kò mọ̀.