Àwọ̀n Méjì Nítorí Ohùn Rẹ

Henriikka, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Helsinki? Ọlọ́run tó mú wa la òtútù já kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ nígboro. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Yìnyín ti yọ́ tán lórí adágún, màlúù wa sì ti bí, akọ ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti Voitto, aládùúgbò wa ní òdìkejì omi. O mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti ri òpó fóònù mọ́ orí òkè wa, kóńpìnnì tí èmi ń lò nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọlé níhìn-ín. Voitto á tukọ̀ wá yá fóònù mi kó tó lè pe ọmọ rẹ̀, á gbé búrẹ́dì dání, á máa pè mí ní ọ̀gá. Àfi bí ìwé ṣe dé pé kóńpìnnì tèmi àti tirẹ̀ yóò jọ máa lo ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ kejì, Voitto ti jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń pariwo sórí fóònù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ oyè. Ṣé mo jowú? Mo jowú gan-an.

O ṣáà mọ òfin adágún wa, gbogbo abúlé ló ni omi, ṣùgbọ́n ilé kọ̀ọ̀kan ní iye àwọ̀n tó lè dẹ, tiwa mẹ́fà, ti Voitto mẹ́rin. Mo wá rò ó pé ti afẹ́fẹ́ náà kò lè yàtọ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni mo bá dìde nípàdé àwọn olómi, mo ní kí wọ́n ka iye ìgbà tí Voitto ń pe fóònù, torí ó ti ń dẹ àwọ̀n kọjá ìpín rẹ̀. Alága ní ọ̀rọ̀ ẹja nìkan lòun mọ̀. Voitto ní kí n lọ mu kọfí kí orí mi lè wálé. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fìbínú délé, mo pa fóònù, kí ìpín tiwa nínú afẹ́fẹ́ lè sinmi kó sì pọ̀ sí i bí ẹja tí a kò pa. Bí Sátidé mẹ́ta tí o máa ń pè mí lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ ní sọ́nà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, ṣe kọjá nìyẹn.

Lánàá ni Voitto tukọ̀ dé, kò gbé búrẹ́dì kankan dání. Ó ní o pe òun, o ń sunkún, o ń bèèrè bóyá mo ti kú. Ó ní àgbàyà ni mí. Mo gbà. Ṣùgbọ́n Henriikka, ẹkún tí o sun nítorí mi, etí Voitto ló gbọ́ ọ! Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ti tan fóònù o. Mo sì bá Voitto ṣe àdéhùn: mo fún un ní àwọ̀n méjì nínú mẹ́fà wa títí omi á fi tún di yìnyín, òun náà á máa pa fóònù tirẹ̀ ní gbogbo Sátidé láti aago mẹ́fà sí méje, kí gbogbo afẹ́fẹ́ lè jẹ́ tiwa. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ó dá mi lójú, ó sì gbà kíá.

Ẹja á wọ́n nílé báyìí, jọ̀ọ́, fi owó yúrò díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹja ní ṣọ́ọ̀bù, bó tilẹ̀ jẹ́ àbùkù fún ẹni tó ń gbé etí omi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á fún ọ lọ́mọ tí kò ní lágídí bíi bàbá rẹ. Láti aago márùn-ún ni màá ti jókòó sídìí fèrèsé ní Sátidé. Àwọ̀n méjì ni mo fi ra ohùn rẹ, má pẹ́ o.

Èmi ni bàbá rẹ,
Urpo